Tẹ̀súbà Tí Ìyàwó Mi Fi Ń Ka Èémí Mi

Ní ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi jọ lò kẹ́yìn, tẹ̀súbà ló ń sín. Okùn rẹ̀ ti já ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ó sì kó àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà sínú abọ́ tánganran kékeré kan. Ó ní òwú ìránṣọ kò lè gbà á mọ́, ó wá ní kí oníbàárà rẹ̀ kan tó ń ti Àgbòyí wá bá òun mú okùn ìpẹja bọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń so ìwọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Ó jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, èmi sì wà lórí àga, mo di ìdí okùn náà mú kí ìlẹ̀kẹ̀ má baà máa yọ gba ẹ̀yìn jáde.

"Tíṣà, ẹ má sùn o," ó ní. "Tẹ́ ẹ bá sùn, a óò tún bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀kan ni."

Mo ní mi ò sùn. Ó bojú wò mí bóyá òótọ́ ni, ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kó parí, wọ́n pe ìrun Alásárì. Ó ta okùn náà ní kókó tí kò le, ó gbé abọ́ náà sórí fíríìjì, ó lọ ṣe àlùwàlá. Kò padà sídìí rẹ̀ mọ́.

Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti fẹ́ kọ ìwé yìí. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá mú bírò, ọ̀rọ̀ ìyàwó mi ló máa ń gba ojú ìwé lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ àìsàn mi. Mo ti wá rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé èémí yín máa ń dúró lójú oorun, àti ẹ̀yin tí ẹ ń sùn ti irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń kọ ọ́ sí. Mo wà láàyè, mo sì ń sùn. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn ṣíwájú, nítorí nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó sọ irú rẹ̀ fún mi.

Tíṣà jọ́gíráfì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìkòsí ni ilé wa wà. Rámọ́tà, ìyàwó mi, ń ta tòmátì àti ata ní Mile 12, kì í ṣe ti orí àtẹ. Apẹ̀rẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ló ń gbà á lọ́wọ́ àwọn tírélà tó ń ti Òkè Ọya bọ̀, àwọn alátẹ á sì wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo la bí, Kúdírátù, tó ti lọ́kọ sí Ìkòròdú. Ìyàwó mi kò kàwé púpọ̀. Èmi ni mo kàwé, èmi náà ni mo sì hu ìwà òmùgọ̀ tí mo fẹ́ ròyìn yìí.

Ẹ̀yìn mi ló fa gbogbo rẹ̀. Ní ọdún tí mo fẹ̀yìn tì, mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi, ẹ̀yìn mi sì sán. Ìrora náà kò lọ bọ̀rọ̀. Múfútáù, àbúrò ìyàwó mi, tó jẹ́ olórí àwọn alábàárù kan ní Mile 12, ló ní òun mọ ohun tó ń ṣe é. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, gbogbo àwa tá à ń gbẹ́rù, òun là ń lò. Ẹ lo ẹyọ kan, ẹ̀yìn yín á gbàgbé pé ẹ ti dàgbà." Ó mú un wá nínú ọ̀rá kékeré tí wọ́n so lẹ́nu, láìsí páálí, láìsí orúkọ: kóró funfun méjì, pupa kan, àti òmíràn aláwọ̀ méjì. Mo lò ó. Ẹ̀yìn mi gbàgbé lóòótọ́. Láti ìgbà náà ni ìyàwó mi ti ń rà á bọ̀ bó bá ń ti ọjà bọ̀, bí ó ṣe ń ra búrẹ́dì. Nígbà tó yá, ọ̀rá kan lóòjọ́ kò tó mi mọ́, ó di méjì. Ó tó ọdún méjì tí mo fi lò ó.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe mí kò jọ àìsàn. Orí á máa fọ́ mi bí mo bá jí ní àárọ̀, bí ẹni pé mo ru nǹkan sùn, tó bá sì di ìyálẹ̀ta, á lọ. Lẹ́yìn náà ni oorun ọ̀sán dé. Kì í ṣe oorun tí èèyàn ń wá, òun ló ń wá mi. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa. Bí ẹ bá ṣí ìwé tí mo fi ń kọ ohun tí a bá sọ ní ìpàdé, ẹ ó rí ibi tí mo ti ń kọ̀wé nípa ọ̀rọ̀ gọ́tà, tí lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, tó sì di ilà kan ṣoṣo tó ṣàn lọ sísàlẹ̀ ìwé bí odò lórí máàpù. Alága ní kí wọ́n má jí mi, ó ní akọ̀wé ń kọ ti ìpàdé ọ̀run lọ́wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà tí mo jí. Ní ọjọ́ mìíràn, mo wọkọ̀ ní Anthony pé mo ń lọ sí Kétu, Ìkòròdú ni mo ti jí. Kọ́ńdọ́ wo ojú mi, ó wo irùngbọ̀n mi, ó ní, "Àfáà, ẹ rọra máa mu ún o." Ìtìjú ìyẹn kò jẹ́ kí n sọ ọ́ nílé.

Mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ń ṣe mí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ti mọ èyí tó burú jù, ó kàn ń wá ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́ ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ló sọ ọ́. Mo ti mọ́sálásí dé, mo jẹun, mo sì sùn lọ sórí àga ní pálọ̀, ọ̀sán gangan. Ó jókòó síwájú mi, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní òun gbójú sókè, òun rí i pé àyà mi kò lọ, kò bọ̀. Ó dúró títí, kò rí nǹkan kan. Tẹ̀súbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, Subhánállàhi kan fún ìlẹ̀kẹ̀ kan, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí òun lè ṣe. Ó fa mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kí n tó mí. Mo mí kanlẹ̀ bí ẹni tó yọrí lábẹ́ omi, mo sì tún sùn lọ. Ó wá jí mi.

"Bàbá Kúdí," ó ní, "ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ máa ń kú, tẹ́ ẹ tún máa ń jí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bí èèyàn bá sùn, èémí rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀, pé bí Ọlọ́run ṣe dá ara nìyẹn. Mo ṣàlàyé fún un bí ẹni tó dúró níwájú kíláàsì. Ó jẹ́ kí n parí.

"Mo ka mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n," ó ní. "Ẹ mí síta, kí ẹ di imú yín mú, kí èmi máa kà á lọ."

Mo dì í mú. Ó ń fa ìlẹ̀kẹ̀. Ní ogún, mo tú imú mi sílẹ̀. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo bi í bóyá mo máa ń hanrun. Ó ní rárá, pé ká ní mo ń hanrun ni, ọkàn òun ì bá balẹ̀. Ó ní, "Ariwo kọ́ ló ń jí mi. Ìdákẹ́jẹ́ yín ló ń jí mi." Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló ṣì wá lọ́nà fún ìgbà pípẹ́. Gbogbo wa la mọ ẹni tó ń hanrun, tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń dí, tó ń jà bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Tèmi kò ní ìjà kankan. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò kàn sí ohun tó ń gba ibẹ̀ kọjá ni.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ mi. Ó ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, irú ti àwọn ọmọ iléèwé, ó sì ń fa igi sínú rẹ̀ bí wọ́n ti ń fa igi lọ́jà bí apẹ̀rẹ̀ tòmátì bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú tírélà: mẹ́rin á dúró lóòró, ẹ̀karùn-ún á dábùú wọn. Igi kan fún ìlẹ̀kẹ̀ kan. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìgbà kan tí èémí mi dúró. Mo ṣí ìwé náà ní àárọ̀ kan nígbà tó ti lọ sọ́jà, mo rí ojú ewé méjì tó kún fún igi, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ti oorun ẹyọ kan. Mo pa á dé, mo dá a padà síbi tí mo ti mú un.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń tàn nínú ẹbí, ó dé etí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Sìkírá, ní Ìṣẹ́yìn. Wọ́n wọkọ̀ wá fúnra wọn. Wọ́n ní àìsàn kọ́ ni, ìyá wa tó ti kú ló ń wá mi kiri. "Ṣebí ìwọ lo ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí o wá síbi sàráà Màámi. Àwọn náà ò ní iṣẹ́ kankan tí wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún, wọ́n ráyè tìẹ." Bí àǹtí mi ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, èèyàn ò ní mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun bínú. Wọ́n gbé àgbo wá nínú ìgò ńlá méjì, wọ́n ní ó máa jẹ́ kí n sùn dáadáa. Múfútáù ní tirẹ̀ ní ìwé tí mo kà ló pọ̀ jù lágbárí mi. Ìmáàmù wa ṣe àdúrà fún mi, ó sì fi kún un pé kí n lọ rí dókítà. Òun nìkan ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo wọn.

Àgbo Àǹtí Sìkírá ni mo kọ́kọ́ dán wò, kí àlàáfíà lè wà nílé. Mo mu kọ́ọ̀bù kan, mo sì gbé ọ̀rá oògùn ẹ̀yìn mi lé e. Mo sùn bí òkúta. Ohun tí mo rántí ni pé ìyàwó mi ń gbá mi lójú, omi ń dà sílẹ̀ lójú rẹ̀, ó sì ń pe orúkọ mi gan-an, Lásísì, tí kò pè rí láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Ó ti fa ìlẹ̀kẹ̀ dé mọ́kànlélógójì, ó sì ju tẹ̀súbà sílẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lọ sọ́jà. Ó wọ ìjáàbù rẹ̀, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ọsibítù là ń lọ. Tí ẹ ò bá lọ, èmi á dá lọ, màá ní ọkọ mi ń kú níbi tó ti ń sùn, kí wọ́n wá bá mi gbé e." Àǹtí mi ní ká dúró kí ìgò kejì tán. Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà kan ná. Tí kò bá já síbì kankan, èmi fúnra mi á gbé wọn wá sí Ìṣẹ́yìn." Àǹtí mi wò ó títí, wọ́n wá ní kí ó dìde.

Mi ò ní ròyìn gbogbo ìlà tí a tò. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: kí èèyàn dé kí oòrùn tó yọ, kí ó bá ogójì èèyàn níwájú, kí wọ́n pín nọ́ńbà, kí dókítà dé nígbà tí ebi ti ń pa èèyàn. Wọ́n yẹ ọkàn mi wò, wọ́n ní ó dára. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n wo ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n ya fọ́tò àyà. Gbogbo rẹ̀ dára. Àwọn kan ní àgbà ló dé, kí n máa sinmi. Àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ló ń náni lówó, àwọn tòmátì ìyàwó mi sì ń jẹrà lọ́jà nítorí òun ló ń bá mi jókòó. Mo sùn lórí bẹ́ǹṣì, ó fi ìka rẹ̀ kan mi ní ìhà, mo jí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí wọ́n fi kọ̀wé rán wa lọ sí ibòmíràn, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọ̀rọ̀ èémí.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan níbí. Ní gbogbo ibi tí a dé, wọ́n bi mí pé oògùn wo ni mò ń lò. Ní gbogbo ibẹ̀ ni mo ti ní, "Kò sí." Mi ò kà á sí irọ́. Lójú tèmi, oògùn ni èyí tí dókítà bá kọ sínú ìwé, tí èèyàn sì rà nínú páálí. Èyí tó wà nínú ọ̀rá, ti ara ríro lásán ni. Ṣùgbọ́n ojú tún ń tì mí díẹ̀ pé èmi tíṣà ń lo ohun tí àwọn alábàárù ń lò. Bí ojú kò bá tì mí, ó ṣeé ṣe kí n rántí.

Dókítà tí a bá níbẹ̀ kéré, ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ Kúdírátù. Kò tilẹ̀ bi mí ní nǹkan kan ní àkọ́kọ́. Ó yíjú sí ìyàwó mi. "Mummy, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi. Àwọn Daddy ń sùn nígbà tó ń ṣẹlẹ̀."

Ìyàwó mi mú ìwé rẹ̀ jáde nínú báàgì. Ó ti wé e sínú ọ̀rá kí omi tòmátì má baà kàn án. Dókítà ṣí i, ó ń wo àwọn igi náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó ní kí ìyàwó mi mú tẹ̀súbà náà, kí ó fà á bó ṣe máa ń fà á bí mo bá ń sùn, kó má ṣe yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Nínú yàrá kékeré yẹn, pẹ̀lú èrò lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó mi ń ṣe tẹ̀súbà fún dókítà, ètè rẹ̀ ń lọ, kò gbé ojú sókè. Dókítà ní ó tó. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní ìlẹ̀kẹ̀ kan lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà òun ti mọ bí ó ṣe máa ń pẹ́ tó.

Ó bi wá bóyá mo ń hanrun. Ìyàwó mi ní rárá. Dókítà sinmi bírò rẹ̀, ó wá kọjú sí mi, ó ní oògùn wo ni mò ń lò. Mo ní kò sí.

Ìyàwó mi kò wò mí. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú ọ̀rá kékeré náà jáde, ó gbé e sórí tábìlì. "Dókítà, ẹ má bá wọn wí. Èmi ni mo máa ń rà á fún wọn."

Dókítà da àwọn kóró náà sórí ìwé funfun, ó fi ìdí bírò yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó fi ọwọ́ kan èyí tó jẹ́ aláwọ̀ méjì, ó ní tramadọ́ọ̀lù ni, oògùn ìrora tó lágbára gan-an. Ó ní èkejì rẹ̀ tó pupa máa ń fa oorun. Ó wá ṣàlàyé ohun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́, tí mi ò sì rí nínú gbogbo ìwé mi. Ó ní bí a bá ń lo ara wa, ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ kan máa ń kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, òun ni a ń mí síta. Ibì kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, lókè ọrùn, tó ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò ní gbogbo ìgbà, lójú oorun pàápàá. Bí ìdọ̀tí náà bá ti tó ìwọ̀n kan, á pàṣẹ fún àyà pé kó mí. A kì í mọ̀, nítorí kì í bi wá. Oògùn tí mò ń lò yìí ló ń pa ẹnu ibẹ̀. Ìdọ̀tí á ti kún, ọpọlọ á tọ́ ọ wò, á ní kò tíì tó.

"Bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe tó ń se ọbẹ̀," ìyàwó mi ní. "Iyọ̀ á ti pọ̀ jù, á ní kò tíì dùn."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Mummy."

Ìyàwó mi wá béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. "Ṣé èmi ni mo ń pa wọ́n ni?"

Dókítà ní, "Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí wọ́n ṣì wà."

Mo di ọwọ́ ìyàwó mi mú lábẹ́ tábìlì. A kì í ṣe irú tọkọtaya tó ń di ọwọ́ ara wọn mú níta.

Wọ́n yá wa ní ẹ̀rọ kékeré kan tí mo fi sí ìka sùn nílé, tó ń ka afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀. Ohun tó kọ sílẹ̀ kò jìnnà sí ti ìwé onígi náà. Dókítà kò ní kí n dá oògùn náà dúró lójijì. Ó kìlọ̀ gidigidi nípa ìyẹn, èmi náà sì ń kìlọ̀ rẹ̀ fún yín: ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín nítorí pé ẹ ka ìwé yìí. Ó ń dín in kù fún mi díẹ̀díẹ̀, ó fún mi ní ohun mìíràn fún ẹ̀yìn, ó ní kí n máa na ara lórí ẹní láràárọ̀. Ó sì ní kí ìyàwó mi máa kà á lọ.

Àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn le. Mo ń làágùn bí ẹni tó ń gún iyán, inú ń yọ mí lẹ́nu, ẹ̀yìn mi sì rántí gbogbo ohun tó ti gbàgbé. Mo ń kanra mọ́ èèyàn. Mo sọ fún ìyàwó mi lọ́jọ́ kan pé kí ó lọ ra ọ̀rá kan péré wá. Ó ní, "Ẹ lọ rà á fúnra yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò lè dé ẹnu géètì." Òótọ́ ni, mi ò lè dé ibẹ̀. Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Múfútáù náà wá kí mi. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, àwa ńkọ́?" Alábàárù kan lọ́dọ̀ wọn ti sùn tí kò jí ní ọdún tó kọjá, wọ́n sì ní iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ayé ni. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kan náà. Ó ti jáwọ́ ńbẹ̀ báyìí, ó sì mú mẹ́ta nínú àwọn èèyàn rẹ̀ lọ.

Igi inú ìwé ń dín kù. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó di mẹ́jọ. Orí mi kò fọ́ mọ́ láàárọ̀. Mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ìpàdé kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, alága sì ní kí wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jí, mo rí i pé ìyàwó mi ṣì ń sùn. Oòrùn ti wọlé. Kò sùn dé ìgbà yẹn rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, àwọn tírélà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tó jí, ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á, ó fi ọwọ́ kan àyà mi. Ó wá ní, "Mo dúró títí, n ò rí nǹkan kà. Oorun ló gbé mi lọ." Ó ṣí ìwé náà, ó fi hàn mí. Ojú ewé náà funfun. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ọjọ́ wo ni ara mi yá, ọjọ́ yẹn ni.

A lo oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn. Oṣù tó dára ni wọ́n.

Lẹ́yìn ọjọ́ Àìkú tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, ó jí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì láti wọ bàtà ọjà rẹ̀, kò sì lè dìde. A gbé e dé ọsibítù, ṣùgbọ́n ọ̀sán kò bá a láàyè. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n ní ó ti pẹ́ lára rẹ̀. Nínú gbogbo ìlà tí ó bá mi tò, kò sí ẹnìkan tó wọn tirẹ̀, kò sì ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Èmi náà kò rántí. Ẹ̀yin tí wọ́n ń ṣọ́, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ ní kí ó wọn ti ẹni tó tẹ̀ lé yín wá.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Kúdírátù kó mi lọ sí Ìkòròdú. Òun àti ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ kí n dá sùn. Èmi náà kò fẹ́. Oorun kò wá mọ́. Bí ojú mi bá ti ń kán, mo máa ń ta gìrì, nítorí kò sí ẹni tó ń kà á. Ọmọ mi mú mi padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó tún fún mi ní ẹ̀rọ ìka náà fún ọjọ́ mẹ́ta, ó wo ohun tó kọ, ó yí i sọ́dọ̀ mi kí èmi náà rí i. Ó ní, "Daddy, ọpọlọ yín ti ń tọ́ ọ wò dáadáa. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ kà mọ́. Ẹ lè dá sùn." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbà á gbọ́ lágbárí, ara mi ni kò gbà á.

Mo padà sí Ìkòsí nígbà tó yá. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń sùn ní ìjókòó, mo sì ń tan rédíò sílẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń gbé oúnjẹ wá, Múfútáù ń fọ aṣọ mi. Kò sí iṣẹ́ kan tí mo lè sọ pé èmi ni mo dá a ṣe.

Ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìrun Àìlà, mo gbé abọ́ tánganran náà sọ̀ kalẹ̀ lórí fíríìjì. Eruku ti bò ó. Mo jókòó sílẹ̀ níbi tó jókòó sí. Kò sí ẹni tó máa bá mi di ìdí okùn mú, mo bá fi í há àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Mo tú kókó tí kò le yẹn, mo sì ń sín ìlẹ̀kẹ̀ tó kù, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ọwọ́ mi kò yá. Mo kà á: mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún pé. Mo so ó kó le, mo gbé e kọ́ sí orí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó máa ń sùn sí. Mo pa rédíò. Mo dùbúlẹ̀.

Nígbà tí mo la ojú, wọ́n ń pe Alásárì. Kò sí ẹni tó jí mi.